Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tí Mo Ń Wò Lórí Fóònù

Ilé àkọ́kọ́ tí mo bá wọn ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ nílùú òyìnbó, kò sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Mo rò pé àwọn onílé jáde lọ ni. Hẹ́lẹ́nì, obìnrin tó gbà mí síṣẹ́, ló ṣílẹ̀kùn. Èmi gbé rọ́ọ̀gì lé èjìká, mo tẹ̀ lé e. A tẹ́ rọ́ọ̀gì náà sí àbáwọlé, a gbé tábìlì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ògiri, a gbé àtùpà méjì lé e lórí, a sì gbé àwòrán òdòdó pupa kan kọ́ sókè. Nígbà tí Hẹ́lẹ́nì tan àwọn àtùpà náà, ẹnu ọ̀nà ilé ọ̀hún wá rí bí ibi tí wọ́n ti ń retí àlejò pàtàkì. Mo bi í pé ìgbà wo ni onílé máa dé.

"Kò sí onílé," ló wí. "Wọ́n fẹ́ tà á ni. Ohun tí ẹni tó fẹ́ rà á bá kọ́kọ́ rí tó bá wọlé ló máa mú un sọ pé òun fẹ́ tàbí òun kò fẹ́. Tí wọ́n bá ti tà á tán, a óò wá kó ẹrù wa lọ sí ilé mìíràn."

Ní Ìkẹ́rẹ́ tí mo ti wá, mo ti rí ilé tí èèyàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ tí kò sí iná. Ṣùgbọ́n ilé tó ní iná yòò tí kò sí ẹ̀dá kankan nínú rẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí a jáde tí a sì pa ilẹ̀kùn dé, mo bojú wẹ̀yìn. Àwọn àtùpà wa ṣì ń tàn lẹ́yìn gíláàsì. Kò sí ẹni tó ń wò wọ́n àfi èmi.

Kí n tó bá Hẹ́lẹ́nì ṣiṣẹ́, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń nu ilẹ̀. Ọṣẹ wọn bó mi lọ́wọ́, òtútù sì wọ̀ mí lára débi pé mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ ló yà mí lẹ́nu jù, òtútù sì kọ́. Àbáwọlé ilé tí mo ń gbé ni. Ilé alájà ni, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbà wọlé, a ó wá gba ọ̀nà tóóró kan tí ògiri rẹ̀ funfun bíi ti ọsibítù kọjá kí kálukú tó wọ yàrá rẹ̀. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jáde, mo pàdé bàbá arúgbó tó ń gbé yàrá tó dojú kọ tèmi. Mo kí wọn, mo sì tẹ orúnkún díẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ mi nílé. Bàbá náà wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Nígbà tó rí i pé kò sí ẹlòmíràn, ó padà sínú yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà, mo máa ń gbọ́ ọ tí yóò dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ títí n ó fi kọjá. Mo máa ń gbọ́ èémí rẹ̀. Tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ tán ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ dún. N kò mọ ohun tí mo ṣe fún un. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni mo tó mọ̀ pé n kò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn. Ìyẹn tún wá bà mí lẹ́rù ju kí n mọ̀ pé mo ṣẹ̀ ẹ́ lọ.

Bàbá bàbá mi ló kọ́ ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, Bàámi ló wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lẹ́yìn náà. Tí o bá ti wọlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni o máa bá, pèpéle sì wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ tí èèyàn lè jókòó lé. Kò sí ẹni tó ń tọrọ àyè kó tó jókòó níbẹ̀. Ẹni tí òjò ká mọ́ ọ̀nà a yà, ẹni tó ru igi oko a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síbẹ̀ kó fi sinmi. Níbẹ̀ ni Bàámi àti ọ̀rẹ́ wọn, Bàbá Tíṣà, ti máa ń ta ayò. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ìjà wọn lórí ọmọ ayò ni a fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ fẹ́ ṣú. Nígbà tí Bàámi kú, Bàbá Tíṣà kò wá mọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ èmi náà kó ẹrù mi, mo lọ. Ó wá ku Màámi nìkan nínú ilé ńlá yẹn. Fẹ́mi, àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó sì ń yà wò wọ́n lójoojúmọ́.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ni mo máa ń pe Màámi.

"Ulé ńkọ́, Màámi?"

"Ibi tí o fi í sí náà ló wà, ọmọ mi. Wọ́n ti mú uná lọ láti ìjẹta."

"Ẹ wá ń jókòó nínú òkùnkùn?"

"Òkùnkùn kì í jẹ èèyàn. Mo ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Èmi ń tan àtùpà káàkiri fún ilé tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, ìyá mi ń jókòó nínú òkùnkùn. Mo bá pinnu pé n ó ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lọ́ṣọ̀ọ́ débi pé ẹni tó bá kọjá yóò mọ̀ pé ẹnì kan láti ilé yìí wà lókè òkun. Mo ra àtùpà méjì tó ń gba agbára lọ́wọ́ oòrùn. Mo ra rọ́ọ̀gì kan tó pọ́n dòò, tí àwọ̀ òféèfèé wà létí rẹ̀, tó nípọn débi pé ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀. Hẹ́lẹ́nì mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin ayàwòrán kan tí òun máa ń ra àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fún un ní fọ́tò Bàámi, ó sì fi ọ̀dà kùn wọ́n sórí aṣọ fífẹ̀ kan, pẹ̀lú fìlà wọn àti ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn yẹn, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan tó ń lọ sí Adó ló bá mi kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Orí fóònù ni mo ti darí Fẹ́mi. Mo ní kó gbé àtùpà kan sí orí pèpéle ọ̀tún, kó gbé èkejì sí tòsì, kó tẹ́ rọ́ọ̀gì sáàárín, kó sì gbé Bàámi kọ́ sára ògiri tó dojú kọ ilẹ̀kùn, kó lè jẹ́ pé àwọn ni ẹnikẹ́ni tó bá ń wọlé yóò kọ́kọ́ rí.

"Ṣé ó ti dára báyìí, Àǹtí mi?"

"Gbé e sókè díẹ̀ sí i. Ẹ tan àtùpà."

Wọ́n tan án. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mo fi fìlà òtútù bojú kí wọ́n má baà rí omi ojú mi.

Láti ìgbà náà, tí mo bá ti pè, ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Màámi, ẹ yí fóònù, ẹ jẹ́ kí n rí i." Wọn yóò yí i. Rọ́ọ̀gì yóò wà níbẹ̀, àtùpà yóò wà níbẹ̀, Bàámi yóò máa rẹ́rìn-ín láti ara ògiri. Nígbà míì Màámi a máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré. Wọ́n á ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni. Mo pè wọ́n lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, wọ́n ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dára, wọ́n sì pa fóònù. N kò fura sí nǹkan kan. Inú mi dùn jù láti fura.

Mo fi fídíò rẹ̀ han Hẹ́lẹ́nì. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wò.

"Kí ni èyí tí wọ́n mọ mọ́ ògiri yìí?"

Mo ṣàlàyé pèpéle fún un. Mo ní àlejò la ṣe é fún, pàápàá àlejò tí a kò pè. Ó ronú díẹ̀, ó ní ṣé a lè fi pákó kan irú rẹ̀ sínú ilé tó kàn. A kàn án. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé jókòó lé e, kò tíì wo yàrá kankan tó fi sọ pé òun á rà á. Láti ọjọ́ náà Hẹ́lẹ́nì kì í tẹ́ nǹkan kan sílẹ̀ láìbi mí. Ó fi àbáwọlé gbogbo ilé tí a bá ń ṣe sọ́wọ́ mi. Èmi tí wọ́n ti ń pè ní "ìwọ tó mú ìgbálẹ̀ yẹn" rí, mo wá di ẹni tí wọ́n ń dúró dè kó sọ ibi tí àtùpà máa wà. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi í sọ́wọ́ mi, mo fi ẹsẹ̀ rìn délé, n kò wọ bọ́ọ̀sì, nítorí n kò fẹ́ kí ayọ̀ náà tètè tán.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ ibẹ̀ kì í pẹ́. Tí mo bá ti dé ọ̀nà tóóró funfun yẹn, tí mo gbọ́ èémí bàbá yẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ a tán. Mo wá mú un bí àṣà láti máa wo fídíò ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kí n tó sùn. Mo ń sọ fún ara mi pé ibi tí mo ti wá nìyẹn, ibi tí wọ́n ti ń retí mi nìyẹn.

Nígbà ọyẹ́ ni mo lọ sílé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí Màámi ṣàdédé rí mi lórí rọ́ọ̀gì wọn. Nígbà tí àwọn àpáta ńlá Ìkẹ́rẹ́ yọ nínú eruku ọyẹ́, mo ní kí awakọ̀ rọra. Ọ̀sán gangan ni, àdúgbò parọ́rọ́. Ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo gbé àpótí mi, mo wọlé.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì lásán ni, wọ́n ti gbá a mọ́ tónítóní. Wọ́n to iṣu sórí pèpéle ọ̀tún. Apẹ̀rẹ̀ obì kan wà lórí ti òsì. Lára ògiri tó dojú kọ mí, ìṣó ló wà níbẹ̀. Bàámi kò sí níbẹ̀. Mo dúró, mo di àpótí mú. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé olè ti wọlé, wọ́n ti ṣe Màámi ní jàǹbá, Fẹ́mi sì ń fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún mi.

"Màámi," ni mo pè.

Wọ́n ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n ń fi ìró nu ọwọ́. Wọ́n rí mi. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n wá dì mọ́ mi fún ìgbà pípẹ́. Ara wọn le koko, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Nígbà tí wọ́n tú mi sílẹ̀, ojú wọn lọ sára ìṣó yẹn, ó sì padà sọ́dọ̀ mi.

"Kí ló dé tí o kò pè kí o tó máa bọ̀?"

"Olè wọlé, Màámi?"

"Olè kẹ̀? Olè wo?"

"Níbo ni ẹrù yẹn wà?"

"Jókòó ná. Jẹ́ kí n fún ọ lómi."

N kò tíì jókòó tí ẹnì kan fi sáré wọlé láti ìta. Ṣadé ni, aránṣọ tó ń gbé ilé kejì sí wa. Oyún inú rẹ̀ ti tóbi. Ó fi aṣọ tí kò tíì rán tán wé nǹkan mọ́yà, ilẹ̀ ló sì ń wò kó má baà kọsẹ̀.

"Màmá, ẹni tó ń ta àkàrà ní ìkóríta ní òun rí Àǹtí nínú takisí," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká tètè gbé e síbẹ̀ kí wọ́n tó—"

Ó gbójú sókè, ó rí mi. Aṣọ yẹn já bọ́, mo sì rí àtùpà mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Nọ́ọ̀sì wọlé. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí, tó ṣì ń gbẹ̀bí fún àwọn tí ìrọbí bá ká mọ́lé. Àtùpà kejì wà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn wọn ni obìnrin méjì láti ẹgbẹ́ aládùúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa dé, wọ́n jọ ru rọ́ọ̀gì bí ẹni ru pákó, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹni tó wà níwájú rí mi, ó dúró lójijì, rọ́ọ̀gì sì ti ẹni ẹ̀yìn sẹ́yìn. Gbogbo wa dúró bẹ́ẹ̀. Mo dà bí ẹni tó ṣèèṣì wọ ilé onílé.

Nígbà tó yá, ẹni iwájú ní, "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí." Nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe, ó tẹ́ rọ́ọ̀gì náà sílẹ̀. Ó tẹ́ ẹ síbi tí mo ti ní kí Fẹ́mi tẹ́ ẹ sí gẹ́ẹ́, ó tún fi ẹsẹ̀ na igun rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Ọjọ́ Àìkú gbogbo ni?" ni mo bi wọ́n.

Nọ́ọ̀sì ló dáhùn. "Ọjọ́ Àìkú gbogbo, ọmọ mi. Tí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, sísáré ni. Tí o bá wá pa fóònù tán, oníkálukú á gbé tirẹ̀."

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu. Ohun tí èmi àti Hẹ́lẹ́nì ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ ra ilé ni wọ́n ti ń ṣe fún mi ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo ń wò kí n tó sùn, tí mo ń pè ní ibi tí mo ti wá, títò ni wọ́n ń tò ó fún ojú mi, tí wọ́n á sì tú u ká. Inú bí mi. Mo sì tún ń wo oyún Ṣadé àti bó ṣe di àtùpà yẹn mú, n kò mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, tí ó ku èmi àti Màámi, mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Wọ́n kó obì kúrò lórí pèpéle òsì, wọ́n jókòó, a wá kọjú síra wa.

"Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́," ni wọ́n wí, "mo tan méjèèjì. Mo jókòó sáàárín wọn. Kò sí ẹni tó yà. Àwọn tó ń kọjá ń bẹ̀rù àtitẹ rọ́ọ̀gì, wọ́n ń kí mi láti ìta. Mo wo ọwọ́ mi ọ̀tún, mo wo tòsì. Ṣé kí n máa tan uná méjì kí n lè máa wo ara mi ni? Ṣadé ń fi fóònù tànmọ́lẹ̀ ránṣọ. Nọ́ọ̀sì ń fi àbẹ́là gbẹ̀bí. Orúnkún àwọn aládùúrà ń bó lórí sìmẹ́ǹtì. Mo ní kí wọ́n wá gbé e."

"Ẹ bá sọ fún mi, Màámi. Mi ò ní bínú."

"Ìgbà wo ni mo fẹ́ sọ ọ́?" Wọn kò gbé ohùn sókè. "Tí o bá ti pè, 'ẹ yí fóònù, ẹ jẹ́ kí n rí i' ni. Mo bá yí i. O wo rọ́ọ̀gì, o wo àtùpà, o wo bàbá rẹ. O kì í ní kí n yí i padà kí o rí èmi tí mo dì í mú."

Mo gbìyànjú láti rántí Ọjọ́ Àìkú kan péré tí mo wo ojú wọn dáadáa, n kò rí i. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé irun wọn ti funfun tán, pé eyín kan ti bọ́ níwájú ẹnu wọn. Mo dìde, mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo gbé orí lé wọn léjìká. A pẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan kọjá ní òde, ó ní, "Ẹ kú ulé o." Àwa méjèèjì jọ dáhùn.

Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n pé, "Bàámi dà?"

"Àwọn nìkan ni wọn kò gbé wá," ni Màámi wí. "Dìde, jẹ́ ká lọ."

Ilé Bàbá Tíṣà ni wọ́n mú mi lọ. Lójú ọ̀nà ni wọ́n ti sọ fún mi pé iyè bàbá náà ti lọ. Wọn kò dá àwọn ọmọ wọn mọ̀ mọ́. Ṣáájú ìgbà tí àwòrán náà dé, wọ́n á máa rìn jáde, wọ́n á ní àwọn ń wá ọ̀rẹ́ àwọn lọ. Ọjọ́ kan, ojú ọ̀nà Ìsẹ̀ ni wọ́n ti rí wọn, ẹsẹ̀ wọn ti bó. Fẹ́mi ló ní kí wọ́n gbé Bàámi fún wọn. Láti ìgbà náà wọn kò jáde mọ́, àfi Ọjọ́ Àìkú tí Fẹ́mi bá wá yá àwòrán náà, tí wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi gbé e padà. Mo rò ó wò, gbogbo ìgbà tí mo fi ń sọ pé "ẹ jẹ́ kí n rí i," bàbá yìí dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n ń retí ọ̀rẹ́ wọn.

A bá wọn lórí àpótí ìjókòó. Wọ́n fi àwòrán Bàámi ti ògiri níwájú wọn, ọpọ́n ayò sì wà láàárín. Wọ́n ta ọwọ́ kan fún ara wọn, wọ́n ta ọwọ́ kan fún Bàámi.

"O tún fẹ́ yàn mí jẹ," ni wọ́n ń sọ fún àwòrán náà. "Mo rí ọ."

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n wò mí, wọn kò mọ̀ mí.

"Ṣé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa ni ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o mọ ọ̀rẹ́ mi yìí?"

Mo wo Màámi. Mo wo Bàámi tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Rárá, sà," ni mo wí. "Ẹ sọ fún mi nípa wọn."

Bàbá Tíṣà dá ayò dúró. Wọ́n sọ bí Bàámi ṣe gbé wọn pọ̀n kọjá odò nígbà tí wọ́n wà léwe. Wọ́n sọ bí Bàámi ṣe ń kọrin láìmọ̀ pé ohùn kò sí. N kò gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀ rí. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó ní ọmọbìnrin kan. Orí rẹ̀ le bí àpáta. Mo ní kó kìlọ̀ fún un, àwọn olórí líle ló máa ń lọ jìnnà. Ó ní kí n fi í sílẹ̀. Ó ní bó bá lọ, ojú ló máa fi rí i, bó bá dé, ẹnu ló máa fi sọ ọ́ fún wa."

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, wọ́n fi ọwọ́ bo àwòrán náà, bí ẹni pé mo lè gbé e. Mo ní, "Ti yín ni, sà." Ní ọjọ́ kejì, èmi àti Fẹ́mi la jọ ru rọ́ọ̀gì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn aládùúrà ní kí n kúnlẹ̀ lé e wò. Mo kúnlẹ̀. Ó dẹ̀ lóòótọ́.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo dé ọ̀nà funfun wa, n kò kọjá níwájú ilẹ̀kùn bàbá arúgbó yẹn bí mo ti máa ń ṣe. Mo kanlẹ̀kùn, mo gbé àkàrà díẹ̀ tí mo mú ti ilé bọ̀ fún un. Ó pẹ́ kó tó ṣí i. Ó gba àkàrà náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Kò pè mí wọlé. Ó tó fún ọjọ́ kan.

Tí mo bá ń pe Màámi báyìí, ojú wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, àwọn ló pè mí. Inú ilé òfìfo kan ni mo wà, rọ́ọ̀gì wà léjìká mi. Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ojú Màámi ló kún inú fóònù, wọ́n ń rìn, òfurufú ń mì lẹ́yìn orí wọn.

"Níbo lẹ̀ ń lọ, Màámi?"

"Dákẹ́, ká dé ibẹ̀ ná."

Wọ́n wọ ilé Ṣadé. Ilé kún. Mo gbọ́ ohùn Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ tí pásítọ̀ ń bèèrè ẹni tó kù. Ṣadé jókòó, ó gbé ọmọ tuntun lẹ́sẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun wé e.

"Àǹtí, inú ìmọ́lẹ̀ àtùpà yín ló bọ́ sí," ló wí. "Gbogbo àdúgbò ti sọ ọ́ lórúkọ. Tiyín ló kù."

Màámi gbé fóònù sún mọ́ ojú ọmọ náà. Ó la ojú kan, ó tún pa á dé. Hẹ́lẹ́nì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́, ó ń wò mí, kò bi mí ní nǹkan kan. Gbogbo wọn ní Ìkẹ́rẹ́ ń dúró dè mí.

"Ilésanmí," ni mo wí.

Mo gbọ́ tí wọ́n pè é tẹ̀ lé mi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.